Ẹ Ṣí Ìgò Náà, Bó Ṣe Ọmọ Kan Ló Wá

Ìlànà ni. Gbogbo èsì táwọn aláṣẹ rí fọ̀ náà nìyẹn lórí ìwé tí Ìkòròdú ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn alábọ́dé kan: Ọjọ́rú nìkan ni abẹ́rẹ́ èéyi, àfi tí ọmọ bá pé mẹ́wàá.

A mọ ohun tí wọ́n rọ̀ mọ́. Lẹ́búlẹ́bú ni abẹ́rẹ́ èéyi, ìgò kan sì wà fún ọmọ mẹ́wàá. Tí nọ́ọ̀sì bá ti po omi rẹ̀ mọ́ ọn, wákàtí 6 péré ló ní. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, dídànù ni. Kò dà bíi pẹ́ńtà, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó ń dènà àrùn márùn-ún, tí ìgò tí wọ́n ti ṣí ṣì lè wà nínú fíríìjì títí di ọjọ́ 28. Tọ́mọ méjì bá dé, tí nọ́ọ̀sì ṣàánú wọn, tó ṣí ìgò, òun náà ni wọ́n máa kọ̀wé wá-wí-tẹnu-ẹ sí lóṣù tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tá ò fi bá nọ́ọ̀sì jà. Àwọn tó ń ka ìgò là ń bá wí, kì í sì í ṣe òní la bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, a bá abiyamọ kan pàdé níbẹ̀ tó ti Baiyeku wá. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ló pọ̀n, ó sì fi ọ̀rá wé káàdì rẹ̀ kí òjò má pa á. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, gbogbo rẹ̀ ló pé. Ojú èéyi àti ibà pọ́njú ló ṣófo. Ìgbà kejì rèé tí wọ́n á ní kó máa lọ ilé, Ọjọ́rú tí wọ́n sì dá fún un ni ọjọ́ tó máa ń gba ẹja tó ń yan. Ẹni tẹ́ ẹ dá padà lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ṣé ẹ retí pé ẹ máa rí i lóṣù kẹẹ̀ẹ́dógún fún abẹ́rẹ́ èéyi kejì?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n ṣí ìgò bó ṣe ọmọ kan ló wá. Èyí tó máa ṣòfò pàápàá, wọ́n ti máa ń ṣírò rẹ̀ mọ́ iye tí wọ́n ń béèrè fún. Òfò wo wá ni wọ́n ń sá fún? Èéyi kì í dúró kí wọ́n pé mẹ́wàá kó tó wọlé. Àwọn olóṣèlú náà ò kúkú dúró kí aláìsàn pé mẹ́wàá kí wọ́n tó gé ríbọ́ọ̀nù.

Ìwé ojú ewé kan ṣoṣo là ń béèrè: kí wọ́n máa ṣí ìgò lójoojúmọ́ fún ọmọ tó bá wá, kí wọ́n má sì bi nọ́ọ̀sì kankan léèrè ohun tó ṣẹ́ kù. Kí wọ́n fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n ya ti àkọ́kọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì lẹ tuntun síbẹ̀.