Ère Idẹ Kò Tó fún Obìnrin Tó Tẹ Ilẹ̀ Dó

Ní ìlú Ponca City ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ère idẹ obìnrin kan wà tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 17, tí wọ́n rọ láti fi yẹ́ àwọn obìnrin tó lọ tẹ ilẹ̀ tuntun dó ní Amẹ́ríkà sí. Ó di ọwọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ mú, Bíbélì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, ó gbójú sókè, ó ń ṣísẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ ń dúró dè. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1930 ni wọ́n ṣí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì wá wò ó. Ère náà wuyì. Ẹjọ́ tí a bá a ní ni pé aṣọ rẹ̀ ti mọ́ jù.

Obìnrin tí wọ́n torí rẹ̀ rọ ère yìí kò ríbi wọ aṣọ mímọ́. Igi kò pọ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kansas àti Nebraska, nítorí náà ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ náà ni wọ́n gé kọ́lé: koríko tòun ti gbòǹgbò àti erùpẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gé e bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á tò ó lé ara wọn. Ilé ọ̀hún tutù nígbà ooru, ó sì móoru nígbà òtútù, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ òjò á ti dá níta, òrùlé á ṣì máa kán ẹrẹ̀ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Aṣọ ni wọ́n máa ń ta sábẹ́ òrùlé kí erùpẹ̀, eku àti ejò má baà já lu ọmọ lójú oorun.

Igi ìdáná ńkọ́? Ìgbẹ́ ẹfọ̀n gbígbẹ ni, nígbà tí ẹfọ̀n sì tán, ìgbẹ́ màlúù. Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú ńlá á kọ́kọ́ fi àkísà mú un. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ lásán ni yóò fi jù ú sínú iná, á nuwọ́ mọ́ṣọ, á padà sídìí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó ń pò. Ẹ má bèèrè bóyá ó fọwọ́. Omi tí ìbá fi fọ̀ ọ́, òun náà ni yóò lọ pọn ọ́n, odò kì í sì í fìgbà gbogbo wà nítòsí.

Lọ́dún 1874, eéṣú ṣú bo ojú ọ̀run láti Dakota títí dé Texas. Àwọn obìnrin sáré kó aṣọ ìbora bo ẹ̀fọ́ wọn. Eéṣú jẹ ẹ̀fọ́, ó sì jẹ aṣọ ìbora. Ti ọmọ bíbí tún ń bẹ: ọ̀pọ̀ wọn ló rọbí láìsí agbẹ̀bí, ọkọ tí kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe ló dúró tì wọ́n. Àwa tí a dàgbà sí agboolé lè má tètè lóye bó ṣe ń rí kí oṣù kan lé, kí èèyàn má gbọ́ ohùn obìnrin bíi tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà rèé. Òfin Homestead tí Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí lóṣù Karùn-ún ọdún 1862 ló pín ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ tẹ̀dó. Olórí ìdílé, tàbí ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, lè gba éékà 160, bó bá gbé ibẹ̀ fún ọdún 5, tó sì ro ó. Ọmọge tí kò tíì lọ́kọ lè gbà á. Opó náà lè gbà á. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ kì í ṣe olórí ohunkóhun lójú òfin yẹn. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ọkọ ní láti kú, tàbí kó kọ ìyàwó sílẹ̀, kí orúkọ ìyàwó tó ríbi wọ ìwé ilẹ̀ tó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ ro.

Ère náà kò sì rí bí gbogbo wọn ṣe rí. Lọ́dún 1877, àwọn aláwọ̀ dúdú tó kúrò lóko ẹrú ní Kentucky lọ tẹ ìlú Nicodemus dó ní Kansas. Willianna Hickman wà lára àwọn tó tẹ̀ lé wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n ní, “Nicodemus rèé,” ó wò títí, kò rí ilé kankan, àfi èéfín tó ń jáde láti inú ilẹ̀, nítorí inú ihò ni wọ́n ń gbé. Ó bú sẹ́kún. Ó sì dúró níbẹ̀.

Lọ́dún 1877 yẹn kan náà, ìjọba fi agbára kó àwọn Ponca, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, kúrò ní Nebraska, àwọn tí ìlú tó gbé ère náà ró ń jẹ́ orúkọ wọn. Ní ìlú Neligh ní Nebraska, ọmọ Moon Hawk, ìyá kan lára àwọn Ponca, kú lójú ọ̀nà, ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ọdún méjì. Àwọn òbí rẹ̀ bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n máa bá àwọn tọ́jú sàréè náà bí ẹni pé ọmọ tiwọn ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ń bá ìrìn wọn lọ. Títí dòní, wọ́n ṣì ń tọ́jú rẹ̀. Moon Hawk náà rìn nínú ẹrẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí. Ta ló rọ ère tiẹ̀?

A ò sọ pé kí wọ́n wó ère Ponca City. Ohun tí a ń sọ ni pé ìyìn kì í dípò ẹ̀tọ́. Kí àgbẹ̀ tó gba ìwé ilẹ̀, wọ́n máa ń bi í pé àwọn wo ló wà nínú ìdílé rẹ̀, ohun tó sì sábà wà nínú fáìlì ni “ìyàwó àti ọmọ” iye báyìí, láìsí orúkọ. Àwọn fáìlì ọ̀hún ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà. Kí ìjọba yanṣẹ́ fún àwọn tí yóò wá orúkọ àwọn ìyàwó wọ̀nyí jáde nínú ìwé ìkànìyàn àti ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n sì kọ ọ́ síwájú ibi tí orúkọ ọkọ wà. Kí ilé ìwé sì yéé fi ọkùnrin oníbọn àti kẹ̀kẹ́ ẹrù nìkan kọ́ ọmọdé ní ìtàn yìí. Ọmọ tiwa náà wà nínú kíláàsì wọ̀nyẹn, ní Houston àti Chicago, òbí tó bá sì rí iṣẹ́ àṣetiléwá bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bi olùkọ́ pé àwọn obìnrin dà.

Ilẹ̀ Daniel Freeman, tí wọ́n ń pè ní ẹni àkọ́kọ́ tó gba ilẹ̀ lábẹ́ òfin náà, ti di ọgbà ìtàn ìjọba lẹ́bàá ìlú Beatrice ní Nebraska. Kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, láti orí Agnes, ìyàwó rẹ̀.