Ọdún Mẹ́ta Péré Ni Mo Sọ Fún Ìyá Mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀wé sí mi láràárọ̀ pé ẹ fẹ́ já wá sí Jámánì, mi ò ní dá yín dúró. Èmi náà já wá ni. Ọdún 2018 ni mo gúnlẹ̀ síbí, ọdún náà gan-an ni wọ́n ti Prosper-Haniel pa ní ìlú Bottrop, ibi ìwakùsà èédú tó kẹ́yìn ní gbogbo agbègbè Ruhr tí mò ń gbé. Ọdún mẹ́ta péré ni mo sọ fún ìyá mi ní Ọ̀ṣogbo. Mo ní n ó ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, n ó kówó jọ, n ó sì padà wá ṣí ilé ìtọ́jú aboyún kékeré kan sí Òkè-Fíà. Ẹ bá mi ka iye ọdún tó ti lọ.

Àwọn kan ti sọ ọ̀rọ̀ "ọdún mẹ́ta" yìí ṣáájú wa, kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn ará Kòríà Gúúsù ni. Bí ẹ bá dé Ruhr, ẹ ó rí wọn: bàbá àti ìyá arúgbó tí wọ́n ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì Kòríà lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n gbé ike oúnjẹ dání. Àwọn ọmọ wa tó ń sunkún lórí fíìmù Kòríà rò pé olówó ni wọ́n bí gbogbo wọn. Wọn ò mọ̀ pé ìran yìí náà jápa rí, àti pé àìríjẹ ló lé wọn.

Ogun jà ní Kòríà títí di 1953, ó fọ́ gbogbo nǹkan. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ ò sí, ilé ìwé gíga sì ń tú ọmọ síta. Jámánì Ìwọ̀ Oòrùn ní tiẹ̀ ń wá ẹni tí yóò wọ ihò èédú, nítorí ọmọ onílẹ̀ ti ń sá fún un. Oṣù Kejìlá 1963 ni ìjọba méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé, kí ọdún sì tó parí, àwọn àkọ́kọ́ ti dé. Láti ìgbà náà títí di 1977, ọkùnrin bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ló wá. Àdéhùn wọn kò ju ọdún mẹ́ta lọ: wa èédú, gba owó rẹ, máa lọ sílé.

Ẹni tó ti wa kùsà rí ni wọ́n ní àwọn ń wá. Ṣé ẹ rò pé awakùsà ló wá? Tíṣà wà nínú wọn, akọ̀wé wà, ẹni tó jáde yunifásítì wà. Wọ́n ní àwọn mìíràn tiẹ̀ fi èédú ra ọwọ́ kí àtẹ́lẹwọ́ wọn lè rí bíi ti òṣìṣẹ́ níwájú àwọn tó ń yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ ọmọ Yorùbá kan tó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun ti ṣiṣẹ́ oko ẹ̀fọ́ fún ọdún márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọ́ inú ọbẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú ihò tó jìn tó nǹkan bíi kìlómítà kan, níbi tí ooru ti ń mú ènìyàn bọ́ aṣọ sílẹ̀. "Glück auf" ni àwọn awakùsà fi ń kí ara wọn. Bí mo bá ní kí n túmọ̀ rẹ̀, n ó ní: kí orí gbé ọ jáde. Orí gbé ọ̀pọ̀ jáde. Àwọn mìíràn kò jáde, ibẹ̀ ni òkúta wó lù wọ́n. Ní oṣù Kejìlá 1964, ààrẹ wọn, Park Chung-hee, wá kí wọn ní Hamborn, lápá Duisburg. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè wọn, ẹkún gba orin náà lẹ́nu wọn, ààrẹ fúnra rẹ̀ bú sẹ́kún. Ẹkún ààrẹ dára. Àmọ́ lẹ́yìn ẹkún, inú ihò náà ni wọ́n padà sí.

Ti àwọn obìnrin ló kàn mí jù, nítorí nọ́ọ̀sì ni wọ́n bíi tèmi. Láti 1966 sí 1976, àwọn nọ́ọ̀sì àti olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ti Kòríà wá lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Nílé, nọ́ọ̀sì ní í gún abẹ́rẹ́, òun ní í pín oògùn, òun ní í kọ ìwé. Ẹbí aláìsàn ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ mọ ohun tí mò ń wí: ẹ̀gbọ́n aláìsàn tó tẹ́ ẹní sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyá tó gbé kúlà ọbẹ̀ dé láago mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n dé Jámánì, wọ́n fún wọn ní bàsíà àti kànìnkànìn. Àwọn kan fọ ilẹ̀, àwọn kan wẹ òkú, pẹ̀lú sátífíkéètì nínú àpótí. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wọn kí wọ́n tó wọ bàálù pé ohun tí Jámánì ń pè ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn.

Èmi náà, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún mi. Ìwé tí mo tọwọ́ bọ̀, èdè Jámánì ló wà nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ejẹ́ǹtì ní kí n má dá ara mi láàmú, ohun tí gbogbo ayé ń fọwọ́ sí ni. Ọdún mẹ́fà ni mo ti lò ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n gbé mi lọ, wọ́n sì wọ̀ mí láṣọ olùrànlọ́wọ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ la ń wọlé. Kí aago mẹ́jọ tó lù, mo gbọ́dọ̀ ti gbé ènìyàn méje dìde, kí n tú pámpáàsì wọn, kí n wẹ̀ wọ́n, kí n fi eyín sí wọn lẹ́nu, kí n wọ̀ wọ́n láṣọ, kí n tì wọ́n dé ìdí tábìlì oúnjẹ. Bàbá kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé bí mo bá ti fọwọ́ kàn án, yóò nu ibẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ló gbà kí ìwé tó sọ pé nọ́ọ̀sì ni mí tó jáde, owó olùrànlọ́wọ́ ni mo sì ń gbà ní gbogbo ìgbà náà. Nígbà tí mo ní n ó kúrò, wọ́n ṣí ojú ewé kẹsàn-án ìwé àdéhùn fún mi: ẹni tó bá kúrò kí ọdún mẹ́ta tó pé yóò san owó físà, owó bàálù àti owó ilé ẹ̀kọ́ èdè padà. Ọdún mẹ́ta! Àfi bíi pé wọ́n gbọ́ ohun tí mo sọ fún ìyá mi.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kọ sílẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó. Nítorí ìyẹn, òfin Jámánì kò gba kí iléeṣẹ́ aládàáni máa lọ kó nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá wáṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó sì rí i, lè wá, kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì kan n'Íkẹjà tó ní òun ń bá ilé ìwòsàn Jámánì kó nọ́ọ̀sì, tó sì ń gbowó lọ́wọ́ yín, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, tiyín kò gùn: láti 2024, €11,904 ni wọ́n ń béèrè pé kó wà ní àkáǹtì yín fún ọdún kan, owó oúnjẹ yín sì ni, kì í ṣe owó tẹ́ ẹ máa yá lónìí kẹ́ ẹ dá padà lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ará Kòríà. Ní 1973, owó epo rọ̀bì fò sókè, Jámánì ní òun ò kó ọ̀pọ̀ jù lọ òṣìṣẹ́ àlejò wọlé mọ́. Nígbà tó di 1977, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì Kòríà ní àwọn ìlú kan pé ìwé ìgbélùú wọn kò ní í ṣeé sọ dọ̀tun. Àwọn tó ti fi ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́wàá gbé arúgbó wọn sókè gbé e sílẹ̀! Ìwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi mọ àwọn obìnrin yìí, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń yìn nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀rín náà ò gbà wọ́n. Wọ́n bọ́ sójú títì, wọ́n ń kó ìbuwọ́lùwé jọ lọ́wọ́ dókítà, lọ́wọ́ aláìsàn, lọ́wọ́ ẹni tó ń ra ọ̀dùnkún lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ẹ̀tọ́ pé ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè dúró. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà níbí, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí nìkan kò tó.

Ti àwọn ọkùnrin nira jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọdún mẹ́ta wọn bá ti pé, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Àwọn kan fẹ́ nọ́ọ̀sì ọmọ ìlú wọn kí wọ́n lè dúró, àwọn kan wọ yunifásítì, àwọn kan sọdá sí Amẹ́ríkà tàbí Kánádà. Ẹni tó jẹ́ pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ló gbọ́dọ̀ rí aya, ẹ fojú inú wo irú ìfẹ́ tó máa jẹ́. (Àwọn kan láyọ̀ ṣá o, mo ti bá wọn jẹun. Ewébẹ̀ funfun ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n fi ń ṣe kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan ilẹ̀ wọn, nígbà náà nítorí tilé kò sí lọ́jà, àwọn aládùúgbò sì ń kígbe òórùn. Irú tí èmi fi ń se ọbẹ̀, inú ike mẹ́ta ni mo dì í sí, obìnrin òkè mi ṣì pe àwọn tó ń tún gáàsì ṣe.)

Ẹ ó ní, ṣebí ẹni tó bá fẹ́ padà á padà. Ó ṣẹlẹ̀. Ní erékùṣù Namhae, ní gúúsù Kòríà, ìjọba ìbílẹ̀ ṣètò ilẹ̀ fún àwọn tó ti Jámánì dé, wọ́n kọ́ ilé òrùlé pupa síbẹ̀ bíi ti Jámánì, Abúlé Jámánì ni wọ́n ń pè é. Ẹ wò ó: wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ará Kòríà ní Jámánì, wọ́n délé, wọ́n di ará Jámánì. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń ya fọ́tò ilé wọn, wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé. Ti Isang Yun wá le jù. Àgbà olórin ni, ẹni tó ń kọ orin fún àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá Yúróòpù. Ní 1967, àwọn ọlọ́pàá inú Kòríà jí i gbé láti Berlin lọ sí Seoul, wọ́n ní amí Kòríà Àríwá ni, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n gbére. Ayé pariwo, wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1969, ó padà sí Berlin. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1995, kò fojú kan ilé mọ́. Ọdún 2018 ni wọ́n tó gbé ohun tó kù nínú rẹ̀ lọ sí Tongyeong, ìlú rẹ̀. Ọdún tí èmi ń bọ̀ ni òun ń lọ.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, màmá Kòríà kan wà ní yàrá òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì lòun náà nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti dé, ó ti wá ń ṣarán, èdè Jámánì tó fi ṣiṣẹ́ jẹun sì ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èdè tí a kọ́ kẹ́yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò fẹ́ mu nǹkan kan. Wọ́n gbé tíì fún un, ó tì í dànù. Mo wọlé, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń wí pé, "Mu. Mu." Yorùbá lèmi gbọ́. Mo bu omi lẹ́nu ẹ̀rọ, omi lásán, mo gbé ife sí i lẹ́nu, ó mu ún tán láìsinmi. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù Kòríà ló wá sọ fún mi pé omi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè wọn, ìró kékeré kan kù lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹnu màmá kò gbé mọ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin máa ń wá lọ́jọ́ Sátidé. Agbẹjọ́rò ni, ọmọ dáadáa ni, kì í pa ọjọ́ jẹ. Àmọ́ èdè Jámánì nìkan ló gbọ́. Ìyá ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń mi orí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tẹ̀ lé mi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni màmá ń sọ?" Èmi ló bi. Ọmọ Ọ̀ṣogbo.

Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kí Àdùkẹ́ ọmọ mi bọ́ bàtà. "Gleich, Mama," ló fi dá mi lóhùn, ìyẹn "láìpẹ́, Màmá" lédè Jámánì. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì lédè Yorùbá, ó ń wò mí. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, mo bá a tú okùn bàtà, mo ń pe orúkọ rẹ̀: okùn, bàtà, ẹsẹ̀. Ó ń pè é tẹ̀lé mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ń ta ayò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bi mí nípa owó ìfẹ̀yìntì: ẹni tí kò bá san án pé oṣù 60 kò ní í gba owó oṣooṣù kankan nílẹ̀ yìí. Ní ti páásípọ́ọ̀tù, ẹ̀yin ṣorí ire ju àwọn ará Kòríà ìgbà náà lọ, àwọn ní láti fi tilé sílẹ̀ kí wọ́n tó gba ti Jámánì. Láti oṣù Kẹfà 2024, òfin ibí gbà yín láyè láti ní méjèèjì. Ẹni tó bá ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́, kó ya fọ́tò gbogbo ojú ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, pàápàá èyí tí ejẹ́ǹtì bá ní kẹ́ ẹ fò. N ó bá yín kà á. Àmọ́ ẹ má retí èsì kí aago méjì ọ̀sán ọ̀la tó lù. Iṣẹ́ àárọ̀ ni mo ní, yàrá màmá sì ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀.