Kì í ṣe ìbọn ló pa àwọn ṣọ́jà Ọbabìnrin Victoria jù

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ojú ìjà ni ṣọ́jà ń kú sí. Bí a bá ti gbọ́ pé ọ̀gá ṣọ́jà òyìnbó kan bá ogun lọ láyé Ọbabìnrin Victoria, tí kò sì padà wálé mọ́, ọta ìbọn tàbí ọ̀kọ̀ la máa ń rò pé ó gbẹ̀mí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Àìsàn ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, mo sì fẹ́ fi ìtàn ọkùnrin kan gbè é lẹ́sẹ̀.

Christian Victor ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ Ọbabìnrin náà ni. Ọmọbabìnrin Helena ló bí i sí ààfin Windsor ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1867. Inú ààfin ni wọ́n ti máa ń kọ́ ọmọ ọba níwèé nígbà yẹn, ṣùgbọ́n Wellington College ni wọ́n fi òun sí láàárín àwọn ọmọ yòókù, ibẹ̀ ló sì ti di ọ̀gá ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì. Ó mọ eré náà dénú. Ní 1887, ó bá ẹgbẹ́ I Zingari ṣeré ní Scarborough, nínú ìdíje onípele gíga tí ẹlòmíràn kankan nínú ìdílé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì dé. Nígbà tó di ṣọ́jà tí wọ́n rán an lọ sí Íńdíà, ó kó rọ́ọ̀nù (àmì ayò) 205 jọ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ ní Rawalpindi ní 1893. Ẹni tó bá mọ kíríkẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé ara tó le ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọmọ ọba tó kàn wọ aṣọ ológun fún ẹ̀yẹ. Ó jà ní ààlà àríwá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà ní 1891 àti 1892, ó wà pẹ̀lú Ọ̀gágun Kitchener ní Sudan ní 1898, ó sì wà lára àwọn tó bá Ọ̀gágun Buller lọ gba ìlú Ladysmith sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Bóà, ìyẹn àwọn òyìnbó àtọmọdọ́mọ ará Holland tó ń gbé Gúúsù Áfíríkà, ní 1900. Gbogbo ibi wọ̀nyí ni ìbọn ti ń dún, kò sí èyí tó mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ogun Àṣáńtì, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí, tó wà nítòsí wa níbí. Christian Victor wà nínú ìrìn náà, Henry ti Battenberg tó fẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Kumasi láìyin ìbọn kan. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1896, wọ́n mú kí Ọba Prempeh Kìíní túúbá ní gbangba, wọ́n sì mú un lọ sí ìgbèkùn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Henry kú nínú ọkọ̀ ojú omi ní etíkun Sierra Leone. Ibà ló pa á. Àwọn Àṣáńtì kò fọwọ́ kàn án. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ronald Ross, dókítà ológun ní Íńdíà, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀rí pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ń gbé.

Ogun tí wọ́n bá àwọn Bóà jà ní Gúúsù Áfíríkà ló burú jù. Ní oṣù Kejì 1900, ní Paardeberg, omi odò Modder tí òkú ẹṣin àti òkú èèyàn ti bà jẹ́ ni àwọn ṣọ́jà mu. Nígbà tí wọ́n dé Bloemfontein, De Wet, ọ̀gágun àwọn Bóà, gba ibi tí wọ́n ti ń fa omi wọ ìlú. Ni táífọ́ọ̀dù bá tú sáàárín wọn. Pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ìlú náà di ilé ìwòsàn, inú ilé tí àwọn eléré ti ń sinmi ni wọ́n tẹ́ àwọn aláìsàn sí! Arthur Conan Doyle, ẹni tó kọ ìtàn Sherlock Holmes, wà lára àwọn dókítà tó ń tọ́jú wọn níbẹ̀. Nínú nǹkan bí 22,000 ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú nínú ogun náà, àìsàn ló pa iye tó lé ní 13,000. Àwọn aráàlú jìyà ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú àgọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wọn sí, nǹkan bí 26,000 obìnrin àti ọmọdé Bóà ló kú, àti ó kéré tán 14,000 aláwọ̀ dúdú. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ológun rárá, a kì í sì í dárúkọ wọn tó.

Ibà kọ́kọ́ dá Christian Victor wó ní Pretoria, lẹ́yìn náà ni táífọ́ọ̀dù dé. Ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 1900, ní ẹni ọdún 33. Pretoria ni wọ́n sin ín sí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù ti wà. Dókítà Almroth Wright ti ṣe é kí ogun Bóà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wù ni wọ́n ń gún un fún, àwọn tó gbà kò sì tó ẹnì kan nínú ogún. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé ní 1914, ọ̀pọ̀ jù lọ ṣọ́jà ló gba abẹ́rẹ́ náà. Nínú àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún, àwọn tí táífọ́ọ̀dù pa kò tó 2,000.