A Kì í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá

Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ àrùn méjèèjì dáadáa. Làpálàpá a máa yún ni, a máa dójú ti ni, ṣùgbọ́n ẹ̀tẹ̀ ló ń jẹ ìka.

Ìka náà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Láwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkẹjà, Ọ̀tà àti Àgbárá, ẹ̀rọ a máa gé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Òfin ọdún 2010 ní kí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, máa san owó gbà-má-bínú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, láti inú àpò tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá owó sí. (Orúkọ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Gbèsè ni, kì í ṣe ìpẹ̀.) Ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá yóò máa gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá kan ń sọ pé owó yìí ti pọ̀jù, kí wọ́n dín in kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lórí òṣìṣẹ́ tó ń gba 100,000 náírà lóṣù, 1,000 náírà péré ni ọ̀gá ń dá. Làpálàpá nìyẹn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gé, tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ ńkọ́? Bí ẹ bá sọ 90,000 rẹ̀ di 50,000, ta ni yóò san ìyókù? Ìyàwó tó ń ta ẹ̀fọ́ ni, ọmọ tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ni. Ohun tó bá ojú ló bá imú.

Èyí tó dùn mí jù ni gígé tí kò dé ilé aṣòfin rárá: ọ̀gá tó ń san 100,000, tó sì kọ 40,000 sínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí àjọ. Bí jàǹbá bá dé, orí 40,000 ni wọn yóò ti ṣírò. Kí ẹ̀rọ tó gé ọmọ ọlọ́mọ ni ọ̀gá ti gé e.

Ẹ̀yin ọ̀gá, bí owó náà bá ń yún yín, ẹnu ẹ̀rọ ni kí ẹ bò. Ẹ má fi kázúà tó dé lánàá sídìí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ owó tí ọ̀gá ń dá yìí nínú owó oṣù yín, òfin kò gbà á. Bí ẹ bá fara pa, ẹ fi tó iléeṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Bí wọ́n bá sì gbé ìwé wá pé kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ kò ní béèrè ohunkóhun mọ́, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹni tó ti fọwọ́ sí i pàápàá, kó má bẹ̀rù: òfin kò ka ìwé náà sí.