Ta Ní Sọ Pé Àdàwòkọ Ni Iṣẹ́ Àwọn Ìyá Wa Lórí Òfì?

Láìpẹ́ yìí, níbi ìsìnkú bàbá àgbàlagbà kan ní agbègbè Kàbà, ọ̀gbẹ́ni kan tí ó kàwé dáadáa gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì ń ṣàlàyé aṣọ pupa tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yẹ òkú fún àwọn àlejò tí wọ́n ti Èkó àti Àbújá wá. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa ni, ó ní ó dára, ó sì ní ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi kún un pé kò sí àtinúdá kankan nínú rẹ̀, nítorí pé ohun tí ìyá bá hun ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń hun, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti rí láti ìwáṣẹ̀. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń dá àrà sí aṣọ, obìnrin kàn ń tẹ̀lé ohun tí ó bá nílẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́.

Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tí owó aṣọ híhun ni ìyá wọn fi rán wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, èyí tí ó dùn mí jù lọ. Wọn kì í sọ ọ́ bí èébú. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń yin àwọn ìyá náà pé olóòótọ́ sí àṣà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́, aṣọ tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ń nàka sí gan-an ni ẹ̀rí tí ó ta kò ó.

Aṣọ ìpò ni aṣọ náà, àwọn obìnrin Bùnú, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Ọ̀kún, ni wọ́n sì gbayì jù lọ nínú híhun rẹ̀. Aṣọ ọlá ni, a fi ń ṣẹ̀yẹ fún olóyè tí ó bá kú, àwọn eégún sì ń gbé e wọ̀. Kì í ṣe àwa Ọ̀kún, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kògí, nìkan ni a mọ iyì rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa, àwọn Ẹ̀bìrà, a máa rà á fún òkú tiwọn. Ẹ wò ó dáadáa: òwú funfun àti òwú aró tí ó wà nínú aṣọ ilẹ̀ wa, oko wa àti ìkòkò aró wa ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n òwú pupa tí ó sọ ìpò di ìpò kò ti oko ẹnikẹ́ni wá ní Bùnú. Ara aṣọ pupa tí àwọn oníṣòwò kó wá láti òkè òkun ni àwọn ìyá wa ti tú u. Wọ́n ra aṣọ tí ẹlòmíràn ti hun parí, wọ́n jókòó, wọ́n tú u ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún un hun sí ohun tí ẹni tí ó kọ́kọ́ hun ún kò lè dá mọ̀ mọ́.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tí wọ́n ń pariwo ìwáṣẹ̀ dúró sí díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ìyá hun ni ọmọ ń hun, ta ni ìyá obìnrin àkọ́kọ́ tí ó tú aṣọ òyìnbó? Aṣọ pupa ilẹ̀ òkèèrè kò sí lọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ̀. Obìnrin kan wà tí ó ra aṣọ, tí kò rí aṣọ nínú rẹ̀ bí kò ṣe òwú, tí ó sì ní ìgboyà láti ba ohun tí ó fi owó rà jẹ́ nítorí àwòrán tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú tiwọn, oníkálukú sì wá ọ̀nà tirẹ̀ láti tò ó. Bí èyí kò bá jẹ́ àtinúdá, kí ẹnìkan sọ fún mi ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí kò tí ì jókòó ti obìnrin tí ń hunṣọ rí kì í mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń gbà lọ́pọlọ. Òfì tiwọn kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọkùnrin Ìlọrin àti Ìṣẹ́yìn ń lò. Ti àwọn ọkùnrin a máa nà gbọọrọ síwájú, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó sì ń ti ibẹ̀ jáde, èyí tí wọn yóò gé, tí wọn yóò tò, tí wọn yóò rán pọ̀ kí ó tó fẹ̀ tó èyí tí ènìyàn lè wọ̀. Ti àwọn obìnrin a máa dúró ṣánṣán lára ògiri, igi kan lókè, igi kan nísàlẹ̀, òwú a sì yí méjèèjì po. Aṣọ tí ó ń ti ibẹ̀ jáde fẹ̀ débi pé bí a bá rán méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, ìró ti dé. Ìbú yẹn fún obìnrin ní ààyè tí òfì àwọn ọkùnrin kì í fúnni: ó lè to àwòrán láti etí kan dé èkejì, ó sì lè rí i bí ó ṣe ń dàgbà lójú ara rẹ̀.

Bí ó bá fẹ́ fi àwòrán sí i, kò sí ìwé tí ó yà á sí. Yóò fi ìka tàbí igi pẹ́lẹ́bẹ́ gbé ìwọ̀nba òwú tí ó fẹ́ sókè, yóò kà á, yóò ti òwú aláwọ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, yóò sì fi òwú ìhunṣọ gangan dè é mọ́lẹ̀ kí ó tó bọ́ sí ìlà tí ó kàn. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìṣirò tirẹ̀. Bí àwòrán náà bá ń fẹ̀, iye tí yóò gbé ń yí padà. Bí ó bá ń sún kì, ó tún ń yí padà. Nígbà tí ó bá sì parí abala àkọ́kọ́, tí ó gé e kúrò lórí òfì, yóò ta òwú tuntun fún abala kejì, àwòrán méjèèjì sì gbọ́dọ̀ pàdé níbi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà. Orí ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá pe èyí ní àwòkọ láìronú, kí ó lọ jókòó sídìí òfì ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

Ìyá tí ó bí bàbá mi hunṣọ ní Bùnú títí ojú rẹ̀ kò fi ríran mọ́, èmi ni mo sì máa ń ká òwú fún un nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo rí i tí ó ń tú iṣẹ́ tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, láìjẹ́ pé ó ṣì kà, nítorí pé àwòrán náà kò dùn mọ́ ọn nínú mọ́. Mo gbọ́ ọ tí ó sọ fún oníbàárà kan tí ó mú aṣọ àtijọ́ wá fún un pé kí ó bá òun hun irú rẹ̀: "Irú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ, kí ni o tún fẹ́ fi òmíràn ṣe?" Ohun tí kò sì lè kúrò lọ́kàn mi ni pé bí obìnrin kan láti agboolé kejì, tí òun náà ń hunṣọ, bá ti ń bọ̀ ní ọ̀nà, ìyá àgbà á ní kí n yára fi ìró bo ojú òfì. Bí àlejò bá lọ tán, a ó ká a kúrò. Kí ni ó ń fi pamọ́? Bí gbogbo wọn bá ń hun ohun kan náà tí àwọn ìyá wọn fi lé wọn lọ́wọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè jí lára ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ń bo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ̀ pé tòun ni.

Bí a bá kúrò ní Kògí tí a gba ìsàlẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ẹ̀rí irú kan náà ni a ó bá lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí àwọn ènìyàn tún ń pè ní àṣà ìwáṣẹ̀. Ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sí aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, kí aró má bàa wọ ibẹ̀, kò lè jókòó dáadáa lórí kíjìpá, aṣọ tí a fọwọ́ hun, tí ojú rẹ̀ rí ṣákálá. Aṣọ funfun tí ẹ̀rọ hun, tí ojú rẹ̀ dán, ni ó gbà á. Nígbà tí aṣọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jà ni àrà náà gbilẹ̀. Àwọn àwòrán rẹ̀ pàápàá ní ọjọ́ orí. Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, 1929 ni wọ́n ṣí i. Àwọn aláró obìnrin wo àwọn òpó rẹ̀, wọ́n sì yà wọ́n sínú àdìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, wọ́n fi ṣíbí sí àárín òpó sí òpó. Ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọ̀dún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́, àwọn aláró sọ ọ́ di àwòrán aṣọ, wọ́n sì tà á. Ìyá ìyá wo ni ó fi òpó Mápó lé wọn lọ́wọ́? Lóòótọ́, àwọn ọkùnrin náà gé páànù tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sí àdìrẹ, iṣẹ́ wọn sì dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń dìde níbi ìsìnkú láti sọ pé àwòkọ ni tiwọn.

Àwọn tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ a máa sọ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ti kọ́ iṣẹ́, nítorí náà ti ìyá ni. Ọ̀dọ̀ bàbá ni ọmọ onílù náà ti kọ́ ìlù, a kì í sì í gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìyẹn. N kò ní jiyàn pé àwọn kan wà tí wọ́n hun irú kan ṣoṣo títí wọ́n fi darúgbó. Irú wọn kò ṣàì sí nínú iṣẹ́ kankan, wọ́n sì pọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin pẹ̀lú.

Wọn a tún máa sọ pé àrà òde òní, ti àwọn aránṣọ ńláńlá, kò ní í ṣe pẹ̀lú àwọn obìnrin abúlé. Folashade Thomas-Fahm, tí a bí ní 1933, tí ó kọ́ iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Saint Martin's ní Lọ́ńdọ̀nù, padà wálé ní àkókò òmìnira, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Èkó, ó sì yí aṣọ wa padà: ó fi síìpù sí ìró, ó wé gèlè sílẹ̀ kí obìnrin kàn máa gbé e dé, ó sọ agbádá ọkùnrin di aṣọ obìnrin. Aṣọ wo ni ó fi ń rán wọn? Aṣọ òkè àti àdìrẹ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ Akwete ti ilẹ̀ Ígbò àti aṣọ Òkènè ti àwọn Ẹ̀bìrà. Ní Akwete àti ní Òkènè, àwọn obìnrin ni wọ́n ń hun ún lórí òfì ìdúró, Òkènè sì nìyí ní ìtòsí wa. Nike Davies-Okundaye ńkọ́, ẹni tí ilé àwòrán rẹ̀ ní Lẹkí ti di ibi tí gbogbo ayé ń wá wò? Ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú ni, 1951 ni a bí i, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí ó tọ́ ọ dàgbà ni ó sì ti kọ́ híhun. Ó lọ sí Òṣogbo, ó sọ àdìrẹ di àwòrán tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń kó pamọ́, ó sì padà wá ṣí ibi ìkọ́ṣẹ́ sí Ògìdì. Ẹni tí ó bá sọ níwájú àwọn ará Ìjùmú pé òfì ìyá àgbà kì í bí àtinúdá, kí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé Nike.

Ọ̀gbẹ́ni náà tún ní bẹ́ẹ̀ ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, pé ọkùnrin ni ó ń ronú, obìnrin a sì wọ̀ ọ́, a jó nínú rẹ̀. Loie Fuller, oníjó ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó fi ọ̀pá gígùn sínú apá aṣọ ṣẹ́dà tí ó fẹ̀ rẹpẹtẹ, tí ó ń jù ú yí ara rẹ̀ ká lábẹ́ iná aláwọ̀ oríṣiríṣi, títí aṣọ àti ijó fi di ohun kan náà. Ní 1892 ó pe obìnrin kan lẹ́jọ́ ní New York pé ó ń jó ijó òun, adájọ́ sì ní ijó náà kò sọ ìtàn kankan, nítorí náà òfin kò lè dáàbò bò ó. Ó yí ọwọ́ padà, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí aṣọ náà fúnra rẹ̀ ní 1894. Ní 1930, Martha Graham, oníjó Amẹ́ríkà mìíràn, jókòó sórí ìjókòó kan nínú aṣọ tí ó ń nà, tí ó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí àpò, ó sì fi aṣọ yẹn jó ọ̀fọ̀. Òun ni ó ronú aṣọ náà, òun ni ó ronú ijó náà. Ijó òde òní ilẹ̀ òyìnbó, ọwọ́ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ó ti jáde ní pàtàkì.

Adájọ́ yẹn àti ọ̀gbẹ́ni tí ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní Kàbà, àṣìṣe kan náà ni wọ́n ṣe: wọ́n rí iṣẹ́, wọn kò gbà pé ẹnì kan ni ó ronú rẹ̀. Tiwa tilẹ̀ burú díẹ̀ sí i, nítorí pé àwa fúnra wa ni a ń sọ ọ́ fún ọmọ wa. A ń pè é ní aṣọ Bùnú, a kì í pe orúkọ obìnrin tí ó hun ún, ẹni tí ó bá sì wá lẹ́yìn á rò pé ìlú ni ó jókòó sídìí òfì. Ìpò wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wà nínú àpótí ní ilé yín náà, ní Bùnú, ní Ìjùmú, ní Owé, ní Yàgbà àti ní Ọ̀wọ́rọ̀. Kí ẹ tó gbé e jáde fún òkú tí ó kàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tí wọ́n ṣẹ́kù nínú ilé pé ta ni ó hun ún, níbo ni ó ti rí òwú pupa rẹ̀, àwòrán wo ni ó sì wà níbẹ̀ tí a kò rí lára aṣọ ẹlòmíràn. Kí ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì fi í sínú àpótí pẹ̀lú aṣọ.