Ọ̀pọ̀ ìwádìí kọ́ ni ẹ̀rí: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí meta-analysis tó dé ọwọ́ yín

Níbikíbi tí àwọn ènìyàn bá ti ń jiyàn lórí psychotherapy, ìyẹn ìtọ́jú ọkàn tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, ìdáhùn kan wà tó máa ń pa gbogbo ẹnu mọ́. Ẹnì kan á ní irú ìtọ́jú báyìí ló dára jù. Wọ́n á bi í pé kí ni ẹ̀rí rẹ̀. Á ní: "Meta-analysis ni o, igba ìwádìí ló wà nínú rẹ̀." Àkópọ̀ tó ń sọ èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí di òǹkà kan ni meta-analysis. Kò sẹ́ni tó tún máa ń sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí a ti gbà pé bí ìwádìí bá ṣe pọ̀ tó nínú àkópọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òtítọ́ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti pé ẹni tó kó wọn jọ kàn ṣe ìṣirò lásán ni, èrò tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èrò ènìyàn wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ro òǹkà kan mọ́ òmíràn ni wọ́n ti jókòó pinnu ìwádìí tó máa wọlé àti èyí tó máa dúró síta, ìpinnu yẹn ló sì ń yí èsì padà ju ìṣirò lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí àwọn tó ń wá ìrànlọ́wọ́ fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń fi irú èsì bẹ́ẹ̀ yan ìtọ́jú, àwọn ìjọba náà sì ń fi í pinnu ohun tí wọ́n máa náwó sí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Olùwádìí á ṣẹ́ kèké pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì: apá kan á gba ìtọ́jú, apá kejì kò ní gbà á. Nígbà tó bá yá, á wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, á sì sọ ọ́ di òǹkà tí wọ́n ń pè ní effect size. Bí ó bá jẹ́ òdo, ìtọ́jú náà kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n máa ń ka 0.2 sí kékeré, 0.5 sí èyí tó mọ níwọ̀n, 0.8 sí ńlá. Meta-analysis á wá kó òǹkà ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, á wá òǹkà àárín wọn, èyí tí àwọn tó kópa nínú rẹ̀ bá pọ̀ a sì tẹ̀wọ̀n ju èyí tí àwọn tó kópa nínú rẹ̀ kéré lọ.

Ibi tí a ti ń ṣì í gbọ́ nìyí. Pípọ̀ tí ìwádìí pọ̀ ń tún àṣìṣe kan ṣoṣo ṣe, ìyẹn àṣìṣe tó ṣèèṣì wáyé: èyí tó ga jù níhìn-ín, èyí tó kéré jù lọ́hùn-ún á pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá fì sí apá kan náà ńkọ́? Òṣùwọ̀n tí wọ́n ti fi ọgbọ́n tẹ̀ sí apá kan, bí o bá gbé ẹrù lé e nígbà ẹgbẹ̀rún, irọ́ kan náà ló máa pa fún ọ nígbà ẹgbẹ̀rún. Ohun tí ìgbà ẹgbẹ̀rún yẹn fi kún un ni pé ó túbọ̀ dá ọ lójú.

Ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1952, Hans Eysenck, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ ní London, kó ìwádìí 24 jọ, ó sì kéde pé kò sí ẹ̀rí pé ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ń ran àwọn tó ní ìdààmú ọkàn lọ́wọ́. Ó ní bí ìdá méjì nínú mẹ́ta irú wọn ló ń gbádùn láàárín ọdún bíi méjì, bóyá wọ́n gba ìtọ́jú tàbí wọn kò gbà á. Ẹ sún mọ́ iṣẹ́ yẹn kí ẹ wò ó dáadáa. Fún ìtọ́jú ti psychoanalysis, èyí tó ń wá gbòǹgbò ìdààmú nínú ohun tó fara pamọ́ sínú ọkàn, ó kọ ọ́ pé ìpín 44 nínú 100 ló gbádùn. Báwo ló ṣe rí 44? Ó ka gbogbo ẹni tó fi ìtọ́jú sílẹ̀ láàárín ọ̀nà mọ́ àwọn tí kò gbádùn. Bí wọ́n bá yọ àwọn yẹn kúrò, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ, ó máa di nǹkan bí 66. Ìwé kan náà ni, aláìsàn kan náà ni. Ohun tó ya 44 sọ́tọ̀ sí 66 kò ju ẹni tí wọ́n kà àti ẹni tí wọn kò kà lọ.

Ọdún 1976 ni Gene Glass ní Amẹ́ríkà sọ irú iṣẹ́ yìí ní meta-analysis. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òun àti Mary Lee Smith gbé àkópọ̀ ìwádìí 375 jáde. Òǹkà tí wọ́n rí ni 0.68, wọ́n sì ní ẹni tó gba ìtọ́jú sàn ju ìpín 75 nínú 100 àwọn tí kò gbà á lọ. Nígbà tó fi máa di 1980, ìwádìí ti di 475, òǹkà ti di 0.85. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí wọn kò gbà wọlé: èyí tí wọ́n ṣe dáadáa, èyí tí wọ́n ṣe gátagàta, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn aláìsàn gidi, àti àwọn ọmọ yunifásítì tí ìbẹ̀rù ejò nìkan ń dà láàmú. Inú bí Eysenck. Ní 1978 ó fi àkọlé èsì tó kọ pe iṣẹ́ náà ní ìwà òmùgọ̀ ńlá. Lójú tirẹ̀, pàǹtírí tí wọ́n kó jọ kò lè di ohun mìíràn.

Èmi ò gbè sẹ́yìn Eysenck pátápátá. Kí Smith àti Glass tó dé, ẹni tó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ìwádìí a kàn ṣa èyí tó wù ú, a sì wá ìdí láti bẹnu àtẹ́ lu èyí tí kò wù ú. Àwọn méjèèjì yìí ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ìwádìí kí ojúsàájú lè dínkù, ohun rere sì ni. Ibi tí mo ti kọminú ni ohun tí wọ́n sọ tẹ̀lé e, pé èsì ìwádìí tí kò dára àti ti èyí tó dára kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, nítorí náà kò sí ìdí láti lé ẹnikẹ́ni.

Ní 2010, Pim Cuijpers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láàárín àwọn àgbàlagbà. Wọ́n ní ìwádìí oníkèké 115 lọ́wọ́. Wọ́n gbé ìlànà mẹ́jọ kalẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣàjèjì nínú wọn: ṣé wọ́n yẹ àwọn aláìsàn wò dájú pé àìsàn náà ń ṣe wọ́n? Ṣé ìwé ìtọ́sọ́nà wà fún ìtọ́jú náà? Ṣé wọ́n kọ́ àwọn olùtọ́jú níṣẹ́? Ṣé wọ́n ṣọ́ wọn bóyá ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń ṣe? Ṣé wọ́n ka àwọn tó já kúrò lójú ọ̀nà? Ṣé àwọn tó kópa nínú rẹ̀ tó 50 ó kéré tán? Ṣé ẹlòmíràn ló ṣẹ́ kèké? Ṣé ẹni tó ń wọn èsì kò mọ ẹni tó gba ìtọ́jú àti ẹni tí kò gbà á?

Nínú 115, mọ́kànlá péré ló yege nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Òǹkà àwọn mọ́kànlá yẹn jẹ́ 0.22. Ti àwọn tó kù jẹ́ 0.74.

Ẹ tún un kà. Ìtọ́jú kan náà, àìsàn kan náà. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ á jáde wá pé ìtọ́jú náà lágbára gan-an, á sì ní ìwádìí tó ju ọgọ́rùn-ún lọ lẹ́yìn. Ẹni tó bá gba mọ́kànlá wọlé á ní ó ń ranni lọ́wọ́ níwọ̀nba. Nínú àríyànjiyàn, ẹni tó ní mọ́kànlá yìí ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rí rẹ̀ kéré.

Ohun mìíràn tí wọ́n ń fẹ́rẹ̀ẹ́ má wò ni ohun tí àwọn tí kò gba ìtọ́jú rí gbà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, ohun tí wọ́n sọ fún wọn kò ju pé kí wọ́n máa dúró, ìtọ́jú tiwọn ń bọ̀ tó bá yá. Ó jọ pé ìyẹn ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ ro ti ara yín: bí wọ́n bá ní kí o dúró fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ, ṣé ìwọ náà á máa wá ọ̀nà mìíràn láàárín oṣù mẹ́ta yẹn? Toshi Furukawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e yẹ̀ wò ní 2014, wọ́n sì rí i pé àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa dúró kò gbádùn tó àwọn tí wọn kò ṣe ohunkóhun fún. Dídúró gan-an lè máa pa wọ́n lára. Nítorí náà, meta-analysis tó bá gba irú ìwádìí yìí wọlé ní rẹpẹtẹ á fún ìtọ́jú ní oyè tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ ká wá jókòó ti àwọn tó ń ṣe yíyàn náà. Wọ́n sábà máa ń jẹ́ méjì, olúkúlùkù sì ń dá ka tirẹ̀ kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ wéra. Ká ní ìwádìí kan dé iwájú wọn báyìí: ogójì obìnrin tí òǹkà wọn ga lórí ìwé ìbéèrè nípa ìrẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n dókítà kankan kò yẹ̀ wọ́n wò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ló tọ́jú wọn, ní ẹgbẹẹgbẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, apá kejì ń dúró. Ṣé àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì lèyí, àbí ìbànújẹ́ tó ń kọjá lọ? Ṣé ìtọ́jú ni, àbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́? Ọ̀kan ní kó wọlé, èkejì ní rárá. Wọ́n á pe ẹnì kẹta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jẹ́ olóòótọ́, kí ìmọ̀ wọn sì jinlẹ̀, síbẹ̀ kó sí ibì kankan tí wọ́n ti kọ ìdáhùn sílẹ̀ dè wọ́n. Àìmọye irú ìpinnu báyìí ló wà nínú àkópọ̀ kan. Bí wọ́n bá sì wá lọ gbàgbé pé ìwé méjì tó wà níwájú àwọn ń ròyìn àwọn aláìsàn kan náà, wọ́n á kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn kan wà tí kò tiẹ̀ dé iwájú wọn rárá. Ellen Driessen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tọpa owó tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, fi sílẹ̀ láti 1972 sí 2008 fún ìwádìí ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nínú 55 tó bẹ̀rẹ̀, 13 kò jáde níbì kankan. Wọ́n wá àwọn tó ṣe é rí, wọ́n tọrọ àkọsílẹ̀ wọn. Òǹkà àwọn tó jáde jẹ́ 0.52, ti àwọn tó wà nínú àpótí jẹ́ 0.20. Nígbà tí wọ́n pa wọ́n pọ̀, ó di 0.39. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2015 nìyẹn. Kò sí bí ẹni tó ń yan ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ṣe lè rí mẹ́tàlá yẹn, bó ti wù kó ṣọ́ra tó.

Ṣé kí a wá máa lé gbogbo ìwádìí tí kò pé kúrò? Ìyẹn náà ní ewu tirẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń gbé ìlànà kalẹ̀ lè gbé èyí tó máa bá ìfẹ́ inú rẹ̀ mu. Ní 2008, Falk Leichsenring àti Sven Rabung gbé àkópọ̀ jáde lórí ìtọ́jú psychodynamic ọlọ́jọ́ pípẹ́, èyí tó bá psychoanalysis tan: ìwádìí 23, mọ́kànlá nínú wọn ni wọ́n fi kèké pín àwọn aláìsàn inú rẹ̀. Wọ́n ní ó dára ju àwọn ìtọ́jú kúkúrú lọ fún ìṣòro tó díjú. Ní 2012, àwọn mìíràn tí Yolba Smit ṣáájú gba kìkì oníkèké wọlé, wọ́n sì ní ẹ̀rí tó wà kò tó nǹkan, ó sì ń ta ko ara rẹ̀. Bruce Wampold ní tirẹ̀ ti gba kìkì ìtọ́jú tí wọ́n ṣètò tọkàntọkàn láti wo ènìyàn sàn ní 1997, ó sì rí i pé agbára oríṣiríṣi ìtọ́jú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn alátakò rẹ̀ ní ìlànà yẹn gan-an ló mú wọn dọ́gba. Títí di òní wọn ò tíì gbà fún ara wọn.

Mi ò sọ pé ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kò wúlò o. Kí ẹnikẹ́ni tó ń gbà á má ṣe torí ohun tí mo kọ yìí dáwọ́ dúró. 0.22 kì í ṣe òdo. Nígbà tí Constantin Yves Plessen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn fi lè yan ìwádìí lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ní 2023, meta-analysis tó lé ní 4000 ló jáde. Àwọn kan ga fíofío, àwọn kan lọ sísàlẹ̀ òdo, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi hàn pé ìtọ́jú náà ń ranni lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, nítorí ó fi gbogbo ìpinnu náà síta kí gbogbo ayé rí i.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí wọ́n bá fi igba ìwádìí yà yín lẹ́nu, ẹ fi òǹkà tó wà nínú àkótán sílẹ̀ ná. Ẹ wá àwòrán tó ń fi iye ìwádìí tí wọ́n rí, iye tí wọ́n lé àti ìdí tí wọ́n fi lé wọn hàn. PRISMA ni wọ́n ń pe ìlànà tó ní kí wọ́n máa yà á. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fi ìlànà wọn sílẹ̀ ní PROSPERO, ìwé ìforúkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún irú iṣẹ́ yìí tó ti wà láti 2011, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àbí ìgbà tí wọ́n rí èsì tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ẹni tó yẹ kó wọlé. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fún ẹgbẹ́ kejì, àti bóyá wọ́n tún ìṣirò náà ṣe láìsí àwọn ìwádìí tó ṣe hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Bó bá jẹ́ ti Cochrane, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe irú àkópọ̀ yìí lórí ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ wá tábìlì àwọn tí wọ́n lé. Wọ́n máa ń kọ ìdí rẹ̀ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ lèmi fúnra mi máa ń kọ́kọ́ ṣí.