Colt inú páálí bàtà

Ní Sátidé tó kọjá, ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan ní Houston níbí wò mí lójú kòrókòró, ó ní bí mi ò bá ní rà á kí n gbé e sílẹ̀, mo ti wò ó jù. Ẹ gbọ́ ná. Ìbọn àlòkù ni o. 1,050 dọ́là ni wọ́n kọ mọ́ ọn lára. Èmi ni mo sì wò ó jù! Ẹni tó fẹ́ ra ṣòkòtò bọ́síkọ̀rọ̀ ní ọjà Katangua l'Ékòó á yí i po yí i ká, á na ìdí rẹ̀ sí oòrùn bóyá ó ti lu, á fa síìpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyá tó ń tà á ò sì ní bínú. Àfi èmi tí mo fẹ́ kó owó oúnjẹ oṣù kan lé irin tí ẹlòmíì ti lò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ̀ pé ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. Ohun tí mò ń wá ò le: revolver Smith & Wesson tí wọ́n ń pè ní Model 10, ìbọn ìléwọ́ ọlọ́ta mẹ́fà tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ní íǹṣì mẹ́rin, tó ń jẹ ọta .38 Special. Láti 1899 ni irú rẹ̀ ti wà. Ní 1957 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní nọ́ńbà tó ń jẹ́ yìí. Èyí tí wọ́n ti rọ nínú rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Ṣé ohun tó pọ̀ tó báyẹn ló yẹ kí wọ́n máa fi ṣe fọ́nńté fún wa nínú gíláàsì bíi pé ìlẹ̀kẹ̀ ọba ni?

Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìjà ìbọn Miami ní oṣù Kẹrin 1986, níbi tí ọ̀daràn méjì ti pa òṣìṣẹ́ FBI méjì, tó sì jẹ́ pé revolver ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà mú dání, àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pa revolver tì, wọ́n ń gba èyí tí ọta rẹ̀ ń gba inú èèkù wọlé. Ṣọ́ọ̀bù ló gba àwọn tí wọ́n pa tì. Irú ìbọn ọlọ́pàá yẹn ni mo fẹ́ràn jù: ara rẹ̀ á ti họ níbi tí àpò awọ ti ń gé e jẹ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á ṣì dà bí tuntun, nítorí ọlọ́pàá ń gbé ìbọn ju bó ṣe ń yìn ín lọ. Ẹni tí ojú lásán ń tàn á kọjá rẹ̀. Ó ti ń tán lọ báyìí, ó yé mi. Àmọ́ kó tán ò ní kí wọ́n máa ta ìtàn fún wa ní iye ìbọn.

Ẹ má sì sọ pé kí n lọ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ya fọ́tò mẹ́wàá níbi tó ń dán, wọn ò ní ya ibi tó ti là. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù tó ní láísẹ́ńsì náà ni wọ́n á tún fi ránṣẹ́ sí, òun náà á sì gba owó ọwọ́ rẹ̀ kó tó fún ẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé kí lọmọ Yorùbá fẹ́ fi ìbọn ìléwọ́ ṣe, mo ti dá yín lóhùn títí ó ti sú mi. Ọmọ ọdẹ ni mí, ará Ìgbòho. Ó parí.

Ṣakabùlà méjì ni bàbá àgbà mi ní. Nílé, òfin ìbọn 1959 ò fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀: ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tó ka léèwọ̀; ṣakabùlà pàápàá, àfi kéèyàn gba ìwé àṣẹ kó tó ní in. Torí náà bàbá ò fọwọ́ kan revolver títí tó fi kú. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ta ìbọn àlòkù fún un kó rẹ́ ẹ jẹ. Bí ọdẹ kan bá kú, tí wọ́n gbé ìbọn rẹ̀ wá, bàbá ò ní wo igi rẹ̀, bó ti wù kí ọnà ara rẹ̀ dára tó. Á ki ìka bọ ẹnu rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á gbé e létí kó tó fa òòlù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ àròyé. Ó lè tó wákàtí kan. Wọ́n á gbé ẹmu fún un, kò ní mu ún títí á fi wò ó tán.

Ohun tí èmi náà ń ṣe nìyẹn. Mo máa ń kọ́kọ́ tọrọ àyè. Lẹ́yìn náà, èmi àti òǹtajà á jọ ṣí sílíńdà, ìyẹn ibi tó ń yí tí ọta mẹ́fà ń sùn sí, a ó jọ fojú rí i pé ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣófo. Màá fi ìka kan dá sílíńdà dúró jẹ́ẹ́jẹ́, màá máa fa òòlù sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Kí òòlù tó dé ẹ̀yìn pátá, sílíńdà gbọ́dọ̀ ti há "kó!" sí àyè rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo ń ṣe é, torí ihò márùn-ún lè dára kí ìkẹfà máa pẹ́ẹ́ dé. Bí kò bá há dáadáa, ojú ihò ò ní kan ojú ọ̀pá, ọta á máa fá etí irin lọ, ìyẹ̀fun òjé á sì máa fò sí ẹni tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ yín. Bí òòlù bá wà lẹ́yìn, màá fi àtàǹpàkò tì í láìfọwọ́ kan ibi tí ìka ti ń fà á. Bó bá já bọ́, mo ti dágbére. Màá wá gbé e sójú iná wo àlàfo tó wà láàárín sílíńdà àti ìdí ọ̀pá. Bí ìwé bébà kan bá ráyè kọjá níbẹ̀, ó dáa. Bí bébà mẹ́ta bá lè kọjá, kí wọ́n máa lò ó lọ.

Ojú ìdè, ìyẹn síkúrù, ni mo ń wò kẹ́yìn. Ìdè tí orí rẹ̀ ti fá, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tú ló tú u, inú ìbọn yẹn ti rí nǹkan. Ṣùgbọ́n ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí sílíńdà ká, tí àwọn ọmọdé ń tìtorí rẹ̀ dá ìbọn padà, kò ṣe nǹkan kan. Bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá là ọ̀nà sínú oko ni.

Kò sì sẹ́ni tó ń dà mí láàmú níbi àtẹ wọ̀nyí tó àwọn tó ń ju ọwọ́ fi pa sílíńdà dé bíi ti inú sinimá. Wọ́n á ju ọwọ́ báyìí, "pá!", wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. Irin tó gbé sílíńdà ró á tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ tó o bá rà á lẹ́yìn wọn lo máa ra ìtẹ̀ yẹn. Mo ti rí i kí òǹtajà fúnra rẹ̀ ṣe é!

Ká padà sí Sátidé. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe Model 10, Model 19 ni, àbúrò rẹ̀ tó ń jẹ ọta .357 Magnum, ọta tó lágbára ju .38 lọ. Ó ń dán bí awò. Ọkùnrin yẹn ń sọ fún mi pé "wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́". (Wọ́n ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ yẹn ti gbé Model 19 jáde padà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Ohun tí gbogbo ẹni tó mọ ìbọn yẹn mọ̀ ni pé ìdí ọ̀pá rẹ̀, níbi tí ọta ti ń kúrò nínú sílíńdà bọ́ sínú ọ̀pá, wọ́n gé abẹ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ kí sílíńdà lè ráyè pa dé. Ibẹ̀ tín-ín-rín. Bí olówó rẹ̀ bá fi ọta Magnum fúyẹ́fúyẹ́ tó gbóná bò ó mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ló ń là. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi síbẹ̀. Mo rí i. Ilà kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ wá wò ó." Kò wò ó. Ibẹ̀ ló ti ní mo wò ó jù.

Ká ní mo jáde ni, ọ̀rọ̀ mi ì bá pín síbẹ̀. Ìbínú mi ì bá dùn.

Àmọ́ bí mo ṣe ń gbé ìbọn náà sílẹ̀ ni màmá kan wọlé, orí rẹ̀ funfun báláú, ó gbé páálí bàtà dání bí ẹni gbé ọmọ. Ó ní ọkọ òun ló ni ín, ó ti di olóògbé láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, òun ò fẹ́ kí nǹkan yìí sùn nínú ilé òun mọ́. Ọkùnrin náà tú aṣọ ìnura tí wọ́n fi wé e. Colt Detective Special ni, revolver kékeré tí ilé iṣẹ́ Colt rọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ti mí kanlẹ̀. 1927 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ọta mẹ́fà ló ń gbà nígbà tí ti Smith tó bá a dọ́gba ń gba márùn-ún. Mo wà níbi òróró ìbọn, n kò jìnnà ju apá mi lọ. Kò sí ìpẹtà lára rẹ̀. Ìdè rẹ̀ pé ṣánṣán.

Ọkùnrin tó ní n má wo ìbọn òun jù, kò wo ti màmá rárá. Kò ṣí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó fa ẹnu ṣù, ó ní irú kékeré báyìí kì í yá tà. Ó ní 250 dọ́là. Màmá ní ṣé iye tó tó nìyẹn? Ó ní iye tó tó ni.

Iye tó tó kọ́. Mo mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, mo rí ìkejì rẹ̀ tó ti họ, 900 dọ́là ni wọ́n ní kí n mú wá. Ọkùnrin yẹn sì mọ̀ pé mo mọ̀, ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi wá gbé ìgò òróró kan, mò ń ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé níbí á sọ pé ìwà ṣọ́ọ̀bù ni, pé a kì í bọ́ sáàárín ọjà ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Mo lè bá a jáde síta kí n ní "Màmá, mo ní 500". A jọ jẹ́ ará Texas, òfin ibí ò sì dí wa lọ́wọ́. Òótọ́ nìyẹn náà. N kò ṣe é. Màmá gba owó rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ ṣí ilẹ̀kùn fún un torí páálí tó ṣófo náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run bù kún mi.

Ilẹ̀kùn ò tíì pa dé tí ọkùnrin yẹn fi pè mí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní ìwọ tó o fẹ́ràn àti máa wò, wá wo èyí, ó gbé tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fún mi! 800 fún mi, kó tó kọ 950 sí i. Mo wò ó fún ogún ìṣẹ́jú, kò sọ pé mo wò ó jù. Ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà há "kó". Mo tì í, òòlù ò mì. Àlàfo rẹ̀ ò ju bébà kan lọ. Gbogbo ohun tí bàbá àgbà kọ́ mi ló yege.

Mo san 200 dọ́là sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo ní láti san ìyókù, lẹ́yìn náà ni màá kọ ìwé 4473, ìwé ìjọba tí gbogbo ẹni tó bá ra ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù ń kọ, tí wọ́n á fi orúkọ mi ránṣẹ́ síjọba kí wọ́n yẹ̀ mí wò. Orúkọ àárín mi gùn, ó máa ń dá wọn dúró fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà mìíràn, ó ti mọ́ mi lára.

Ìyàwó mi gbọ́ ìtàn yìí tán, ó béèrè nǹkan kan ṣoṣo: ṣé bàbá àgbà tí mò ń sọ yìí, bí opó ọdẹ bá gbé ìbọn wá, iye wo ló máa ń fún un? Mo fẹ́ dá a lóhùn. Ẹmu tí kì í mu ni mo rántí, etí tó máa ń gbé sí irin, ojúbọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iye tó ń san, n kò rántí pé mo gbọ́ ọ rí. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, wọ́n máa ń ní kí n jáde bó bá kan owó.

Bí mo bá gba 200 mi padà, ẹlòmíràn á rà á ní 950, kò sí kọ́bọ̀ tó máa kan màmá níbẹ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò mọ ilé rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé 250 yẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó kúkú ní òun kàn fẹ́ kó kúrò nílé ni. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi láti Sátidé nìyẹn. Ìwé ẹ̀rí owó tí mo san wà lára fíríìjì, ìyàwó mi ò fọwọ́ kàn án. Mo sì ti yọ 600 tó kù ní báńkì.